Aṣọ Jaipur tó ń ṣàn, abọ́ búlúù tí kì í ṣe amọ̀

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi lọ sí Íńdíà, a yà sí Jaipur, mo sì ra aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta àti abọ́ aláwọ̀ búlúù kan. Ẹni tó ń mú wa kiri sọ pé ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ gbogbo aṣọ náà, pé ewé àti gbòǹgbò igi ni wọ́n fi pa á láró, àti pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú náà. Mo délé, mo fọ̀ wọ́n. Èyí tó jẹ́ búlúù ṣàn bí omi aró. Èyí tó ní òdòdó pupa kó pupa rẹ̀ bá ibi funfun. Ẹ̀kẹta, tó dúdú lórí àwọ̀ bíi wàrà, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo wá wò wọ́n dáadáa, mo rí i pé àwọ̀ kò bọ́ sínú ìlà tí wọ́n yà fún un ní ibi púpọ̀. Ọkọ mi ní wọ́n ti lù wá ní jìbìtì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé mo sì lè máa bu ọbẹ̀ sínú abọ́ yẹn?”

Ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Nínú ohun tí ẹ kọ, kò sí èyí tó fi hàn pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín, àmọ́ ẹni tó mú yín kiri ti sọ ju ohun tí aṣọ náà lè gbè lẹ́yìn lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dì pọ̀ bí ẹyọ kan: pé ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, pé ara igi ni aró rẹ̀ ti wá, pé iṣẹ́ náà ti gbó ní ìlú yẹn. Ọ̀kan lè jẹ́ òótọ́ kí ìkejì máà rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè jẹ́ pé kẹ́míkà ni gbogbo dáyì inú rẹ̀, irú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù lórí àtẹ. Àléébù tí ẹ wá ń tọ́ka sí, ìyẹn àwọ̀ tó yẹ̀ kúrò nínú ìlà, òun gan-an ló ń gbè yín jù nínú ẹjọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí aṣọ ti wá. Ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní aṣọ Jaipur, ìlú kéékèèké méjì tó wà nítòsí Jaipur ni wọ́n ti ń tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni Sanganer, nǹkan bíi kìlómítà 16 sí gúúsù, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú. Èkejì ni Bagru, nǹkan bíi kìlómítà 30, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ajmer. Àwọn Chhipa, ìran tó jogún iṣẹ́ aṣọ títẹ̀, ló ń ṣe é ní ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò jọra. Sanganer ló ni òdòdó wínníwínní lórí aṣọ funfun. Bagru ló ni aṣọ tó rí bíi wàrà, tí wọ́n fi dúdú àti pupa ṣe ọnà sí, àti aṣọ aró tí wọ́n fi ẹrẹ̀ dí lójú. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe tiyín, ti olódòdó pupa jọ ti Sanganer, àwọn méjì yòókù jọ ti Bagru. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó jẹ́ búlúù ló rọrùn jù láti dá láre. Dabu ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ẹrẹ̀ yìí. Wọ́n á rẹ amọ̀ dúdú tí wọ́n wà láti ìsàlẹ̀ adágún tó gbẹ, wọ́n á fi chuna sí i, ìyẹn ohun funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri lọ́hùn-ún, wọ́n á fi oje igi sí i, àti ìyẹ̀fun àlìkámà tí kòkòrò ti jẹ. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ahun ló mú wọn lo àlìkámà tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí kòkòrò jẹ máa ń fà ju tuntun lọ, òun ló ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ di aṣọ mú. Wọ́n á sẹ́ ẹ dáadáa, torí òkúta wẹ́wẹ́ kan péré tó bá há sínú òǹtẹ̀ á ba ìlà jẹ́. Wọ́n á ti òǹtẹ̀ igi bọ ẹrẹ̀ náà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ, wọ́n á wọ́n ìyẹ̀fun pákó lé e lórí nígbà tó ṣì tutù kó má baà lẹ̀ mọ́ ibòmíràn, wọ́n á wá sá a sóòrùn. Ibi tí ẹrẹ̀ bá bò, aró kò ní dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn ti mọ ọgbọ́n yìí tán: iṣẹ́ tí ẹ̀kọ láfún ń ṣe níbẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń ṣe ní Bagru. Igi tiwọn, Indigofera tinctoria, yàtọ̀ sí igi ẹlú tiwa, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú búlúù jáde nínú méjèèjì kò yàtọ̀.

Ohun náà kì í yòrò nínú omi lásán, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn yín wà. Nínú kòtò aró, chuna àti àwọn èròjà tó ń kan pọ̀ mọ́ ọn á gba afẹ́fẹ́ kúrò lára rẹ̀ títí tí á fi di omi aláwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ló lè wọ inú òwú. Bí wọ́n bá fa aṣọ jáde, ẹ máa rí i tí ó jáde ní àwọ̀ ewé, tí á sì máa yí sí búlúù láti etí wá sí àárín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan bí afẹ́fẹ́ ṣe ń bà á. Ó ti padà di èérún tí kì í yòrò nìyẹn. Èérún tó ti há sáàárín òwú kò ní lọ mọ́; èyí tó kàn lẹ̀ mọ́ ìta ni omi ìfọṣọ ń gbé. Torí náà, aṣọ aró gidi máa ń ṣàn ní ìgbà méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì lè kun ọwọ́ àti ìrọ̀rí pàápàá. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni bóyá ó ń dín kù. Bí omi ìfọ̀ kẹta bá fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, kò sí wàhálà. Bó bá di ìgbà karùn-ún tó ṣì ń ṣàn bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó jẹ́ pé wọ́n rì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú aró tó ki jù dípò kí wọ́n rì í lọ́pọ̀ ìgbà sínú èyí tí kò ki, tàbí pé aró kọ́ rárá, dáyì olówó pọ́ọ́kú ni. Ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ jẹ́ aró, ìyẹn kò sọ pé láti ara ewé ló ti wá. Láti 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró tí wọ́n ṣe ní ilé kẹ́míkà, bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe rí, bákan náà ni wọ́n ṣe ń hùwà, kò sì sí ojú tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lára aṣọ. Ẹni tó bá wo aṣọ lásán tó sì búra fún yín pé ewé ni, ìgbàgbọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀.

Ti olódòdó pupa lọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Bí wọ́n bá ṣe é lọ́nà àtijọ́, kì í ṣe pupa ni wọ́n ń tẹ̀ sórí aṣọ rárá. Álọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pò mọ́ oje igi tàbí ìyẹ̀fun hóró àjàgbọn, wọ́n á fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kó sì sinmi, wọ́n á wá fi omi púpọ̀ ṣan ohun tó bá ṣẹ́kù kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á sè é nínú ìkòkò bàbà pẹ̀lú gbòǹgbò tó ń mú pupa wá, tàbí pẹ̀lú alizarin, dáyì pupa tí ilé kẹ́míkà ti ń ṣe láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n tún máa ń ju òdòdó igi dhawda sínú rẹ̀ kí ibi funfun má baà dọ̀tí. Ibi tí álọ́ọ̀mù wà nìkan ni pupa á ti dúró, á sì so mọ́ ọn débi pé ọṣẹ kò ní lè tú u. Pupa tí wọ́n bá ṣe báyìí kì í kó bá funfun. Nígbà tí tiyín wá kó bá a, a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà. Ó jọ pé dáyì òde òní ni, irú tó yẹ kí wọ́n fi ooru mú le lẹ́yìn títẹ̀, kí wọ́n sì fi omi gbígbóná fọ̀ títí èyí tí kò so mọ́ òwú á fi jáde tán. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣọ́ omi àti epo ìdáná lò á fo ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yìí, ẹni tó ra aṣọ ló máa wá bá wọn parí rẹ̀ nílé. Irọ́ wà nínú “gbòǹgbò igi” tí wọ́n sọ fún yín nípa aṣọ yìí. Ti “ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́” ṣì lè jẹ́ òótọ́.

Ẹ̀kẹta tí kò ṣe nǹkan kan, ẹ mú un dání dáadáa, òun ló sún mọ́ ohun tí wọ́n ṣèlérí fún yín jù. Àwọ̀ bíi wàrà yẹn ń wá láti ara harda, èso gbígbẹ igi Terminalia chebula tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì fi rẹ aṣọ kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun sí i. Dúdú inú rẹ̀ ń wá láti ara irin: wọ́n á kó àjákù irin, irin abẹ́ pátákò ẹṣin àti ìṣó tó ti dípẹtà sínú ìkòkò, wọ́n á da omi àti gur sí i, ìyẹn ṣúgà ìrèké tí wọn kò tíì yọ́ pupa rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó kan. Omi náà kò dúdú tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkòkò. Ìgbà tó bá kan aṣọ tó ti mu harda ló ń dúdú, lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú rẹ̀ lẹ ní, ẹ wá igun kan tó fara sin, ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ ẹyọ kan sójú dúdú rẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá fi omi ṣàn án. Dúdú irin á ṣá tàbí kó pọ́n, nítorí ohun kíkan ń tú u. Dúdú kẹ́míkà kò ní mira. Ẹ má ṣe é lójú ibi tí àlejò máa rí o, kò ní padà sí bó ṣe wà. Ìmọ̀ yìí náà ló ń kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má fi fínígà kan aṣọ yìí láé. Irin tó bá pọ̀ jù tún máa ń jẹ òwú díẹ̀díẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ibi dúdú fi máa ń kọ́kọ́ ya lára àwọn aṣọ Bagru tó ti pẹ́. Àwọ̀ bíi wàrà náà á máa funfun sí i bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe àléébù.

Nípa fífọ̀, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ iyọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí a bá fi iyọ̀ àti fínígà rẹ aṣọ mọ́jú, dáyì á dúró. Iyọ̀ wúlò nígbà tí wọ́n ń pa aṣọ láró, torí ó ń ti àwọn dáyì kan wọ inú òwú. Lára aṣọ tó ti parí, ó kàn lè dá ṣíṣàn rẹ̀ dúró fún wákàtí tí iyọ̀ fi wà nínú omi náà. Ẹ bá da omi míràn sí i, á bẹ̀rẹ̀ padà. Fínígà kì í sì í jẹ́ kí dáyì di òwú mú rárá, ó ń ba dúdú irin jẹ́ pẹ̀lú. Kíkó aṣọ sínú omi mọ́jú ló tilẹ̀ burú jù fún aṣọ olódòdó yín, nítorí dáyì tó jáde á láyè láti wọ ibi funfun ní ìrọ̀rùn. Èyí tó jẹ́ aró àti èyí tó jẹ́ dúdú, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ wọ́n kíákíá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ yí inú wọn síta, kí ẹ sì sá wọn síbi tí oòrùn kò ti ń tà. Ti olódòdó yàtọ̀: òun nílò ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ láti ṣe fún un. Ẹ fi omi gbígbóná, nǹkan bí 60 lórí ìwọ̀n ẹ̀rọ ìfọṣọ, ọṣẹ tó pọ̀ tó, àti omi tó pọ̀ gan-an fọ̀ ọ́, òun nìkan nínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì tún un ṣe títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Aṣọ lè súnkì díẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì lọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kí èyí tó pọ̀ lára pupa tó kó bá funfun jáde. Bí ẹ bá ti fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kọjá lórí rẹ̀, díẹ̀ á ṣẹ́kù. Ẹ má ṣe fi jíìkì sí i, torí kò ní mọ pupa tó yẹ kó mú kúrò yàtọ̀ sí pupa òdòdó.

Ó kan àwọ̀ tó yẹ̀ kúrò nínú ìlà. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Òdòdó aláwọ̀ méjì tó ní ìlà nílò òǹtẹ̀ mẹ́ta: rekh fún ìlà, gad fún ilẹ̀, datta fún àwọ̀ inú. Igi sheesham tàbí tíìkì ni wọ́n ń gbẹ́ wọn, wọ́n á sì rì wọ́n sínú òróró mọ́sítádì fún ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí igi má baà là tàbí kó tẹ̀. Wọ́n tún ń lu ihò kéékèèké sí i kí afẹ́fẹ́ lè jáde; láìsí ihò yẹn, afẹ́fẹ́ tó há á fi ojú funfun sílẹ̀ láàárín àwọ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ á fi òǹtẹ̀ kan àwo dáyì, á gbé e sórí aṣọ, á fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lù ú, á sún un síwájú. Kò sí ìlà kankan lórí aṣọ tó ń tọ́ ọ sọ́nà àfi àmì kékeré tó wà ní igun òǹtẹ̀. Ká ní òǹtẹ̀ náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì sì jẹ́ mítà 2.5 sí 2.7: ìgbà 675 ni òǹtẹ̀ kan máa balẹ̀, òǹtẹ̀ mẹ́ta á sì balẹ̀ ní ìgbà 2,025. Nínú ìgbà 2,025, ọwọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà kan tàbí méjì ní ibi púpọ̀. Bó bá wá yẹ̀ tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, tó sì rí bẹ́ẹ̀ láti ìlà dé ìlà, ìwàǹwára tàbí òǹtẹ̀ tó ti tẹ̀ ni, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí iye tí ẹ san.

Àmọ́ àwọn tó ń fi skrínì, ìyẹn àwọ̀n tí dáyì ń gbà kọjá sórí aṣọ, tẹ aṣọ náà ti gbọ́n, wọ́n ń ya yíyẹ̀ náà mọ́ ọnà kí ó lè jọ iṣẹ́ ọwọ́. Bí ẹ ṣe máa mú wọn nìyí. Ẹ yan òdòdó kan, kí ẹ wo bí pupa ṣe yẹ̀ sí lára ìlà rẹ̀: bóyá sí ọ̀tún, bóyá sókè. Ẹ wá wo irú òdòdó kan náà ní ogún ibòmíràn lórí aṣọ. Bí yíyẹ̀ náà bá jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, skrínì ni. Bó bá ń yí padà, tí ibì kan bọ́ sí i gẹ́ẹ́, tí ibòmíràn yẹ̀ sósì, ọwọ́ ni. Ẹ má ṣe ṣi èyí pọ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ ara igi o. Bí eyín òǹtẹ̀ kan bá ti kán, kíkán yẹn á máa hàn ní ojú kan náà ní gbogbo ìgbà tí òǹtẹ̀ bá balẹ̀, òun náà sì jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, bí àlàfo àárín wọn kò bá ju fífẹ̀ òǹtẹ̀ kan lọ. Ẹ tún wo igun aṣọ níbi tí ọnà etí ti ṣẹ́rí. Ẹni tó ń fi òǹtẹ̀ ṣiṣẹ́ á fi bébà, ìwé ìròyìn lọ́pọ̀ ìgbà, bo ìdajì igun kí ọnà méjèèjì lè pàdé ní ìdagun. Ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí ibi tí àwọ̀ ti gun ara wọn díẹ̀ níbẹ̀. Fọ́tò kò tó láti fi parí ẹjọ́ yìí, aṣọ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún wá kù. Títẹ òwú ní Íńdíà ti pẹ́ lóòótọ́. Wọ́n ti hú àkísà aṣọ Gujarat tí wọ́n fi òǹtẹ̀ tẹ̀ jáde ní Fustat ní Íjíbítì, tó ti wà láti ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n Jaipur fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1727 ni ọba Sawai Jai Singh Kejì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, nígbà tí Amber, olú ìlú àwọn baba ńlá rẹ̀ tó wà lórí òkè, ti há mọ́ èèyàn tí omi sì ń wọ́n wọn. Vidyadhar Bhattacharya, ará Bengal, ló bá a ya ìlú náà, onígun mẹ́rin lọ́nà mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ọ̀nà tó gún régé, ìyẹn ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ìlú kàn ń dàgbà bó ṣe wù wọ́n. Ọba yìí fẹ́ràn ìṣirò àti ìràwọ̀. Jantar Mantar, ibi ìwo ìràwọ̀ tó kọ́ síbẹ̀, ní òkúta àfiwo oòrùn kan tó ga ní mítà 27. Ohun tó kan ẹjọ́ wa ni pé ó ránṣẹ́ pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò wá, ó sì fún wọn ní òpópónà. Orúkọ àwọn òpópónà náà ṣì ń jẹ́rìí: Johari Bazaar fún oníṣòwò òkúta iyebíye, Maniharon ka Rasta fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, Thatheron ka Rasta fún àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà àti idẹ. Ààfin náà ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní karkhana, tí ilé aláró àti ilé aṣọ títẹ̀ wà lára wọn.

Ẹ ò rí i pé àkójọ ni iṣẹ́ ọwọ́ Jaipur, ọba ló fi owó àti ilẹ̀ fà á wá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a mọ ibi tó ti wá. Iṣẹ́ meenakari, fífi àwọ̀ dídán kun ara wúrà, láti Lahore ni ọba Man Singh Kìíní ti kó àwọn tó mọ̀ ọ́n wá sí Amber ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ṣáájú kí Jaipur tó wà rárá. Sanganer pàápàá ju Jaipur lọ lọ́jọ́ orí. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí gbogbo ayé fi mọ̀ ìlú náà, 1876 ni ọba Ram Singh Kejì ní kí wọ́n kùn ún láti fi kí ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì káàbọ̀. Hawa Mahal tí ẹ dájúdájú ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ọdún 1799 ni. Ram Singh yìí ló tún dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ abọ́ búlúù ti rí ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí ìjọba Jaipur wọ inú Rajasthan, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, ní 1949, tí ọba kò sì jẹ́ oníbàárà ńlá mọ́, iṣẹ́ abọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Kripal Singh Shekhawat, ayàwòrán, ló gbé e dìde padà. Mo rò pé ìtàn tòótọ́ yìí dùn ju ẹgbẹ̀rún ọdún ẹni tó mú yín kiri lọ, kò sì bu iṣẹ́ náà kù.

Bí ẹ bá tún máa ra aṣọ níbẹ̀, ẹ má béèrè bóyá ọwọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn máa wí. Ẹ béèrè pé kí ni wọ́n fi ṣe pupa, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi àkísà funfun tútù nu ojú pupa náà lójú yín. Ẹni tó sọ pé dáyì kẹ́míkà ni òun lò, tí àkísà rẹ̀ sì funfun, ẹ rà á láìfòyà; aṣọ tó dára ni. Èyí tí wọ́n bá pè ní ti igi tó sì jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ẹ rántí ọ̀sẹ̀ méjì ìkòkò irin, ọjọ́ sísá àti omi ṣíṣàn tó ń bẹ nínú rẹ̀, kí ẹ fi iye tí wọ́n pè é wé e. Omi gan-an ti di ìṣòro ní Sanganer: omi tí wọ́n fi ń ṣògo tẹ́lẹ̀ pé ó ń mú àwọ̀ tàn, ìdọ̀tí kẹ́míkà láti àwọn ilé aṣọ títẹ̀ ti bà á jẹ́ gidigidi.

Abọ́ yín ni mo fi parí, torí òun ló kan ìlera. Abọ́ búlúù Jaipur kì í ṣe amọ̀. Òkúta quartz tí wọ́n lọ̀ kúnná ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n á fi gíláàsì lílọ̀ sí i, borax, oje igi, àti ìyẹ̀pẹ̀ multani díẹ̀. Pípò rẹ̀ kì í fà bíi ti amọ̀, torí náà wọn kì í lè mọ ọ́n lórí àgbá kẹ̀kẹ́ tó ń yí bí abọ́ lásán. Wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bíi ti búrẹ́dì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ohun tó ní ìrísí abọ́, wọ́n á fi eérú kún inú rẹ̀ kó má baà wó, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi òkúta ha á dán. Cobalt ló ń mú búlúù jáde, bàbà ló ń mú àwọ̀ bí omi òkun jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sun ún, ní nǹkan bí 800 sí 850 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á sì fi í sínú ààrò fún ọjọ́ díẹ̀ kó tutù, torí bí atẹ́gùn bá tètè kàn án, á sán. Iná yẹn kéré. Kí ohun dídán tó wà lára rẹ̀ tó lè yọ́ ní iná kékeré bẹ́ẹ̀, òjé ni wọ́n ti ń lò láti àtijọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti fi òjé sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ojú kò lè mọ èyí tó ní i àti èyí tí kò ní, ohun àyẹ̀wò òjé tí wọ́n ń tà nílé ìtajà pé ẹ fi nu abọ́ wò sì lè sọ pé kò sí nígbà tó wà. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́ dájú, owó àyẹ̀wò náà sì lè ju owó abọ́ lọ.

Torí náà, ẹ má bu ọbẹ̀ sínú rẹ̀. Tòmátò, ọsàn àti ohun kíkan gbogbo ló ń fa òjé jáde, ooru sì ń mú un yá. Ẹ má gbé e sínú máíkírówéèfù tàbí ẹ̀rọ ìfọbọ́. Ara rẹ̀ ń mu omi láti ìsàlẹ̀ tí wọn kò kùn, á sì là. Èso tó ní èèpo, kọ́kọ́rọ́, ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo ìyẹn dára sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti jẹun nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kò tó ohun tí à ń tìtorí ẹ̀ sá lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni fún ọ̀pọ̀ oṣù, pàápàá bí ọmọdé tàbí aboyún bá wà nínú ilé, ẹ sọ fún dókítà yín kó yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ni.